Orí ilẹ̀kùn kóòṣì 15 la ti jà

Ọjọ́ Àìkú, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù

Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ lánàá torí ìjà la jà títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Kì í ṣe ìjà owó, kì í ṣe ti ilẹ̀, fíìmù la torí ẹ̀ jà. Àbúrò mi ló gbé Train to Busan, fíìmù sọ́ḿbì àwọn ará Kòríà, wá sórí láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa ẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín, fíìmù tó ti jáde látọdún 2016, gbogbo ayé ti wò ó, wọ́n ti sunkún tán, wọ́n ti nujú, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé bí ẹni tó dé òde ìnáwó nígbà tí wọ́n ń ká kánópì. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í sha. Ìyá Bùkọ́lá tó wà ní òdìkejì pàlọ̀ wa náà wọlé wá pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ obìnrin (ọmọ ọdún méjìlá ni, mo mọ̀ pé kò yẹ kó wò ó, èmi kọ́ ni mo bí i). Màámi ní tiwọn wà ní kíṣìnnì tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ní àwọn ò wo nǹkan tí òkú bá ti ń jẹ èèyàn níbẹ̀.

Ẹni tí ò bá tíì wò ó, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò le. Bàbá kan wà ní Seoul, olú ìlú Kòríà, tó ń jẹ́ Seok-woo, Gong Yoo ló ṣe é, owó olówó ló ń bá wọn fi dókòwò, kò ráyè ọmọ ẹ̀ rárá, ìyàwó ẹ̀ sì ti kó lọ sí Busan. Ọjọ́ ìbí ọmọ náà, Su-an, dé, bàbá ra Wii, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá géèmù, fún un, ọmọ ṣí i, kò sọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ kàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, kí bàbá wo ibẹ̀, Wii kan náà ti wà nílẹ̀ tóun fúnra ẹ̀ rà ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Ìyá Bùkọ́lá ní "Háà! Ilé yìí ti dàrú." A ò tíì rí sọ́ḿbì, òkú tó ń jẹ èèyàn, kankan o! Ohun tí ọmọ fẹ́ ò ju kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ ìyá òun, ni wọ́n bá wọ KTX ìdájí, tréènì tó lè sá tó 300 kìlómítà ní wákàtí kan, láti Seoul dé Busan ò ju nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Bí ilẹ̀kùn ṣe fẹ́ pa dé báyìí, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ti gé jẹ lẹ́sẹ̀ já wọlé, ó parí nìyẹn.

Ohun tí àbúrò mi fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé àwọn sọ́ḿbì yẹn ní òfin. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń gun ara wọn bí èèrà, àmọ́ wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Tí wọn ò bá sì rí ẹ, ara wọn á rọlẹ̀. Aboyún kan ló kọ́kọ́ fura sí i, ó da omi sára gíláàsì ilẹ̀kùn, ó lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ọn, kíá, gbogbo wọn dákẹ́. Tí tréènì bá sì ti wọ ihò abẹ́ òkè, tí ibẹ̀ ṣókùnkùn, ìró nìkan ni wọ́n ń tẹ̀lé. Àbúrò mi ń pariwo, "Ọpọlọ nìyẹn! Ọpọlọ nìyẹn!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá ibi tí Ma Dong-seok ti fi ìkúùkù lu sọ́ḿbì padà, títí Ìyá Bùkọ́lá fi ní kó jẹ́ ká lọ síwájú jàre, bátìrì ń lọ.

Ìyá Bùkọ́lá ní tiẹ̀ ò yéé bèèrè pé kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò ní ìbọn. Ìbéèrè tó dáa ni. Mo ní fún un pé ní Kòríà, kò rọrùn rárá kí ará ìlú lásán ní ìbọn, òfin wọn le gan-an, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù baseball àti tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n wé mọ́ apá ni wọ́n fi ń jà. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ká ní ìbọn wà níbẹ̀ ni, fíìmù náà ì bá ti tán lójú ẹsẹ̀, a ò sì ní mọ irú èèyàn tí ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ibi ariwo yẹn ni Màámi ti yọ, tàwọn ti abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ò jókòó. Wọ́n bèèrè pé kí ni wọ́n ń pe àwọn wọ̀nyí. Àbúrò mi ní òkú tó jí ni. Wọ́n ní "Àkúdàáyà?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wo láàpútọ́ọ̀pù yẹn fúngbà díẹ̀, wọ́n mi orí. "Irọ́ ni. Àkúdàáyà kì í jẹ èèyàn. Àkúdàáyà á lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á fẹ́ ìyàwó, á bímọ, á máa ṣòwò ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á fi kọjá níbẹ̀. Àwọn tèyí ò níwà." A rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú wa. Àmọ́ wọn ò padà sí kíṣìnnì mọ́.

Ó wá ku kóòṣì 15.

Màá rọra ṣàlàyé ẹ̀ torí orí ẹ̀ ni gbogbo ìjà dá lé. Kóòṣì ni yàrá gígùn tí wọ́n so mọ́ra wọn tó di tréènì, wọ́n sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àwọn tí ò tíì kú sá jọ sí kóòṣì 15. Seok-woo, Sang-hwa (ọkọ aboyún yẹn, Ma Dong-seok) àti ọmọ iléèwé kan tó ń gbá baseball há sí kóòṣì 9, àwọn èèyàn wọn sì wà ní ilé ìgbẹ́ kóòṣì 13: ọmọ, aboyún, ọkùnrin kan tí ò nílé, àti ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ In-gil. Wọ́n jà kọjá láti kóòṣì dé kóòṣì, wọ́n kó wọn, wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn 15, wọ́n kànkùn, wọ́n bẹ̀bẹ̀, àwọn tó wà nínú ò ṣí i. Ọ̀gá iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Yon-suk ló ń sọ fún wọn pé àwọn tó ń bọ̀ yẹn ti kó àrùn, àwọn yòókù sì gbà á gbọ́ torí ẹ̀rù. Kí wọ́n tó fọ́ gíláàsì wọlé, Sang-hwa tó ń fi ara ẹ̀ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni àwọn òkú yẹn ti gé jẹ, eyín ti wọ ọwọ́ ẹ̀, In-gil náà sì ti kù sẹ́yìn. Kí àwọn ìyókù wá wọlé tán, wọ́n tún lé wọn jáde lọ síwájú, wọ́n so ilẹ̀kùn mọ́ wọn níta.

In-gil ní àbúrò, Jong-gil. Inú kóòṣì 15 ni Jong-gil jókòó sí. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, láàárín àwọn òkú, ojú ẹ̀ ti funfun. Kò kígbe. Ó wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó yíjú wo àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀, gbogbo wọn ń mí kanlẹ̀ pé àwọn ti yè, ó tún wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó dìde wẹ́rẹ́ bí ẹni fẹ́ lọ gba atẹ́gùn, ó gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn, ó fà á.

Àbúrò mi fò dìde. "Apànìyàn ni ìyá yìí o! Àìmọye èèyàn!" Ìyá Bùkọ́lá ní ó ti sú u ni, pé ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni, kì í ṣe ìwà ìkà. Àbúrò mi ní tí ọ̀rọ̀ bá sú ọ, ṣe lo máa pa ẹni ẹlẹ́ni? Màámi gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n ní "Ta ló kọ́kọ́ tilẹ̀kùn?" Ó ní Yon-suk ni. Wọ́n ní "Òun nìkan?" Ó ní, Màámi, ẹ̀rù ló ń ba àwọn tó kù, ẹ̀yin náà ẹ ò ní ṣí i. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé àwọn máa ṣí i, ìbéèrè làwọn bi í, kó dáhùn ìbéèrè. Bó ṣe di ìjà nìyẹn. Ó ní nínú gbogbo kóòṣì yẹn, ẹnì kan á wà níbẹ̀ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ò rí ẹnu sọ ọ́, kí ni tiẹ̀ ṣe tó fi máa kú? Màámi ní ibi tó yẹ kó ti lanu náà nìyẹn.

Ọmọ Ìyá Bùkọ́lá wá dákẹ́rọ́rọ́ bọ́ sí i. Ó ní "Ṣebí bàbá Su-an náà tilẹ̀kùn mọ́ Sang-hwa àti ìyàwó ẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń sá bọ̀."

Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo ti gbàgbé ibẹ̀ pátápátá, èmi tí mo ti wò ó rí. Òótọ́ ni o, níbẹ̀rẹ̀, Seok-woo rí wọn tí wọ́n ń sá bọ̀, ó sì tilẹ̀kùn. Òun náà ló sọ fún ọmọ ẹ̀ pé nírú àkókò báyìí, kó máa tọ́jú ara ẹ̀ nìkan, torí pé ọmọ dìde fún arúgbó kó jókòó. Látìgbà tí ọmọ yẹn ti sọ̀rọ̀ ni mo ti ń ro ó, mo sì rò ó dọ́ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìwàásù dáadáa: àwọn òkú yẹn ò lè ṣílẹ̀kùn. Ìyẹn ni pé gbogbo ilẹ̀kùn tó ṣí nínú fíìmù yẹn, èèyàn ló ṣí i, gbogbo èyí tó tì, èèyàn ló tì í. Àwọn sọ́ḿbì kàn wà níbẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ ni.

Mo rò pé ìdí tí fíìmù náà fi mú àwọn ará Kòríà lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó lé ní mílíọ̀nù 11 tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà lórílẹ̀-èdè wọn nìkan, ìlú tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 51 lọ. Yeon Sang-ho tó darí ẹ̀, fíìmù àwòrán yíyà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, èyí ni àkọ́kọ́ tó máa fi èèyàn gidi ṣe. Ẹ sì wo ìgbà tó jáde. Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2014 ni ọkọ̀ ojú omi Sewol dojú dé, èèyàn 304 ló bá a lọ, ọmọ iléèwé girama tó ń lọ sí erékùṣù Jeju ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣe ni wọ́n ń kéde fún wọn nínú ọkọ̀ pé kí wọ́n má kúrò níbi tí wọ́n wà, ọ̀gákọ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Ní 2015, MERS, àrùn kan tó ń bá èémí jà, tún dé, èèyàn 38 kú. Ẹ wá fi ìyẹn sọ́kàn, kẹ́ ẹ wo ìjọba nínú fíìmù yìí lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń ní kí ará ìlú fọkàn balẹ̀, ká tún wá gbé ọmọ iléèwé tó wọ aṣọ baseball sínú tréènì. Ta ni ò ní sunkún? Busan fúnra ẹ̀ náà kì í ṣe orúkọ lásán, lọ́dún 1950 tógun Àríwá Kòríà gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo Gúúsù Kòríà, igun Busan yẹn ló kù tí ọwọ́ wọn ò tó, ibẹ̀ làwọn èèyàn sá lọ. Àgbàlagbà ibẹ̀ ò nílò àlàyé.

Mi ò ní sọ pé gbogbo ẹ̀ ló dáa o. Ibi tí Seok-woo ti ń rántí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ẹ̀, gbogbo nǹkan funfun, dùùrù ń dún, ó pọ̀ jù fún mi, bí ẹni ń fi ṣíbí rọ ẹkún síni lẹ́nu. Mo sunkún síbẹ̀. Èyí tí mi ò retí ni ti Yon-suk. Ó ti ti èèyàn sẹ́nu sọ́ḿbì kóun lè ráyè sá, awakọ̀ tó padà wá gbé e dìde ló fi san gbèsè ẹ̀, gbogbo wa là ń ṣépè fún un. Nígbà tí àrùn wá ń mú òun náà, ohùn ẹ̀ di tọmọdé, ó ń ka àdírẹ́ẹ̀sì ilé wọn ní Busan, ó ní ìyá òun ń dúró de òun. Ìyá Bùkọ́lá pòṣé. "Wọn ò jẹ́ kéèyàn rí ẹni kórìíra dáadáa."

Bátìrì ku díẹ̀ nígbà tá a dé ìparí. Ọmọ àti aboyún yẹn nìkan ló kù, wọ́n ń rìn nínú ihò abẹ́ òkè tó ṣókùnkùn, àwọn sójà wà lódìkejì, wọn ò mọ̀ bóyá alààyè ni tàbí òkú, wọ́n ti ní kí wọ́n yìnbọn. Ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin tó yẹ kó kọ níléèwé, èyí tó dá dúró láàárín nítorí pé kò rí bàbá ẹ̀ níjokòó. Màámi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà yẹn, ọwọ́ lórí abọ́ ẹ̀wà.

Mo rò pé ó ti tán. Lálẹ́ yìí tá a jẹun tán, tí mo ń gbé abọ́, Màámi bi mí pé kí ni orúkọ tí ọkùnrin alágbára yẹn pe ọmọ inú ìyàwó ẹ̀ kó tó kú. Wọ́n rántí! Bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn yẹn, tí wọ́n ti gé e jẹ, ó kígbe orúkọ náà sí ìyàwó ẹ̀, kó má lọ sílé ayé láìlórúkọ. Mo ní Seo-yeon ni. Wọ́n pè é lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kò wọ̀ wọ́n lẹ́nu.

Wọ́n ní "Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, Bàbárímisá la máa pè é."

Àbúrò mi tó ń tẹ fóònù ẹ̀ nínú kọ̀rọ̀ gbójú sókè. "Àmọ́ kò sá, Màámi. Ṣe ló dúró ti ilẹ̀kùn."

Màámi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ti wọ yàrá, mo ti fẹ́ẹ́ pa iná, wọ́n tún pè mí padà, wọ́n ní ká fún àwọn dọ̀la, àwọn ṣì ń wá orúkọ.