Ọdún tí mo ka ẹjọ́ Afọlábí sí Màmá létí

Ọdún 2025 ti ń kógbá sílé. Bí ẹ bá ní kí n ka oṣù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sóhun tí mo rí mú so ju ìwé àti àìsùn. Alẹ́ kan péré nínú oṣù karùn-ún ni gbogbo ọdún náà lójú tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ mọ Màmá mi, Ìyá Onítòmátì tó ń ná Kútọnu. Ẹ sì mọ ẹ̀kọ́ tí mo kì bọ̀, òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ń fọwọ́ sí, títí kan òfin àjọ tí wọ́n jọ dá sílẹ̀, tó ń di ọ̀gá lé wọn lórí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iná ti lọ, Màmá na ẹsẹ̀ sórí ẹní, èmi ń fi fóònù tanná sí ìwé. Wọ́n ní, "Kí lò ń kà tó o fi ń mi orí báyẹn?"

Mo ní ẹjọ́ Afọlábí Ọlájídé ni. Oníṣòwò ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ìjọba Nàìjíríà ti bọ́dà Benin pa, ọjà tó fẹ́ rà lọ́hùn-ún sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gba ilé ẹjọ́ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ ní Abuja, ó ní àdéhùn tí Nàìjíríà fọwọ́ sí fún òun àti ẹrù òun láyè láti kọjá. Ní 2004, àwọn adájọ́ ní àwọn ò lè gbọ́ ọ. Ìlànà ọdún 1991 tí wọ́n ń lò kò gba aráàlú láyè. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló lè bá a pe ẹjọ́.

Màmá dìde jókòó. "Nàìjíríà ló máa bá a pe Nàìjíríà lẹ́jọ́?"

Gbogbo ìwé tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó là á yé mi tó ìbéèrè yẹn. Ìgbà náà ni wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ fún mi rí: apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́rìndínlógún tiwọn náà há sí bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, omi pupa ti ń ro nídìí apẹ̀rẹ̀. Gbèsè yẹn ló mú ẹ̀gbọ́n mi kúrò nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ló san owó ilé ìwé mi lọ́dún yìí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní 1963, ilé ẹjọ́ Yúróòpù ní Luxembourg gbé ọ̀rọ̀ tó jọ èyí yẹ̀ wò. Van Gend en Loos, ilé iṣẹ́ kan ní Netherlands, kó kẹ́míkà wọlé láti Jámánì, owó kọ́sítọ́ọ̀mù sì ti fò láti ìdá mẹ́ta sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe náà kò kọ ọ́ gbangba pé oníṣòwò lè gbé e síwájú adájọ́ ìlú rẹ̀. Àwọn adájọ́ ní ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, pé aráàlú ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀. N kò dá àwọn ti Abuja lẹ́bi, ìwé tí àwọn ìjọba kọ ló dè wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, ó dùn mí wọra.

Wàhálà Afọlábí kò já sásán. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, ECOWAS tún ìlànà náà ṣe, ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ sì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn ni Hadijatou Mani gbà wọlé, obìnrin ará Niger tí wọ́n tà sóko ẹrú lọ́mọ ọdún méjìlá. Ní 2008, ilé ẹjọ́ ní kí Niger san mílíọ̀nù mẹ́wàá owó sẹ́fà fún un. Màmá pàtẹ́wọ́ nínú òkùnkùn.

N kò sọ fún wọn pé Niger, Mali àti Burkina Faso ti jáde nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún yìí. Mo fẹ́ kí wọ́n sùn pẹ̀lú àtẹ́wọ́ yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣé tí ẹ wá. Ìró tí Màmá sá sórí okùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹjọ́.

Mo yege ìdánwò mi. Lóṣù tó ń bọ̀, n ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí mi: ilẹ̀kùn wo ni irú Hadijatou yóò kàn báyìí tí ìlú rẹ̀ ti jáde? Olùkọ́ mi ní iṣẹ́ náà wúwo, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọwọ́ sí i. Inú ìwé gbèsè Màmá, níbi tí ewé rẹ̀ ṣì ṣófo, ni mò ń kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn ewé tí mo ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi bírò pupa kọ ọ́ láti ọjọ́ yẹn: Sẹ̀mẹ̀, 16.