Wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Omi tútù ni mo tún fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ kẹta rèé. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo ṣe èyí tí mo lè ṣe, mo padà wálé, mo gbé oúnjẹ kaná. Òní ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbólóhùn kan ló há sí mi létí láti àná. Òun ni mo fẹ́ bá jà níbí kí n tó lè sùn.

Oníṣẹ́ iná wá wo ṣáwà wa, èyí tó ń fi iná mànàmáná gbé omi kaná. Ó wà ní balùwẹ̀, mo wà ní yàrá, fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹni tó pè é ń sọ. Mo kàn gbọ́ tirẹ̀, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí àánú ń ṣe: "Wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́."

Ká ní "kò tíì mọ ohun tó fẹ́" ló sọ ni, ǹ bá ti jáde sí i. Ǹ bá ti bi í pé ta ni kò mọ ohun tó fẹ́, nínú ilé ta ni? Ṣùgbọ́n "wọn" ló pè mí. Ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ó kọ́kọ́ fi òrí pa abẹ́rẹ́ náà dáadáa kó tó fi gún mi. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fúnni tó báyìí, ibo lèèyàn ti máa bẹ̀rẹ̀ ìjà?

Àbí èmi kọ́ ló ń bá wí? "Wọn" lè jẹ́ oníbàárà mìíràn, àwọn kan tó fẹ́ ṣe iná sí ọgbà wọn. Ó lè jẹ́ gbogbo wa nínú ilé yìí. Mo ti yí i síwá yí i sẹ́yìn láti àná. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá àwọn ọmọ lálẹ́, ó ń jẹun, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé ìwọ ni?" Ó tún bu omi mu. Mo bi í pé irú ṣáwà wo lòun fẹ́, ó ní èyí tó bá ti wù mí. Ó dáa.

Kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí omi yẹn ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo rò pé òtútù ló fà á. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọṣẹ wà lórí mi, ó wà lójú mi, omi wá tutù rinrin lẹ́ẹ̀kan náà. Mo nawọ́ sókè, mo fa okùn súìṣì, mo tún un fà. Iná pupa kékeré yẹn ń tàn wálé-wálé, bíi pé kò sóhun tó ṣe. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó ń tàn sí mi lójú.

Lánàá ló wá ṣí ìdérí rẹ̀. Skúrù mẹ́rin ló dì í mú, méjì ti dípẹtà, ó sì jìyà kí wọ́n tó jáde. Agolo bàbà kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tí kò ga ju agolo mílíìkì lọ, ibẹ̀ ni omi ti ń gbóná bó ṣe ń kọjá. Mo rò pé táǹkì ńlá kan ló wà nínú gbogbo àpótí yẹn! Irin méjì ló ń gbóná nínú rẹ̀. Ọ̀kan ti kọ́kọ́ já, ìyẹn ni omi fi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì wá tẹ̀lé e lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nǹkan funfun gbígbẹ bí ẹfun ti dì mọ́ ibi gbogbo. Ó fi ìka ha á, ó já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi pé kí n wò ó. Nǹkan yẹn kan náà ló dí ìdajì ojú ihò tí omi ń gbà tú jáde lókè. Tí omi ò bá wá rí ọ̀nà jáde, ó ní nǹkan kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe kó lè bẹ́, kí àpótí fúnra rẹ̀ má baà bẹ́. Abọ́ aláwọ̀ ewé kan wà tí mo fi ń gbe omi tó ń kán nísàlẹ̀ ṣáwà láti ọjọ́ yìí. Mo kàn ń da omi rẹ̀ nù ni. Mi ò sọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ báyìí, níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí níbí. Nígbà tó kọ́kọ́ bi mí pé irú èwo la fẹ́, mo ní èyí tó lágbára jù lọ. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mo ní rárá, kó rí bí èyí tó wà ńbẹ̀. Nígbà tó ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, mo ní èyí tí kì í ṣàdédé gbóná mọ́ èèyàn lára ńkọ́? "Kò burú, mà." Lẹ́ẹ̀mẹta ló sọ pé kò burú.

Torí náà bóyá èmi ni.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta yẹn nítumọ̀ o. Nínú ilé wa, ẹni tó bá ń wẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pariwo "Mo ń wẹ̀ o!" kí ẹnikẹ́ni má baà fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí wọ́n bá fà á, omi tó ń dé ọ̀dọ̀ ṣáwà á dín kù, iná ò sì mọ̀ pé omi ti dín. Gbogbo ooru tó yẹ kó pín sára omi púpọ̀, omi díẹ̀ yẹn nìkan ni yóò gbé e, ẹ̀yìn rẹ ni yóò sì jẹ́jọ́ rẹ̀. Àwọn ṣáwà kan wà tó ń ṣọ́ ooru omi fúnra wọn. Tiwa ò sí lára wọn. Àwọn ọmọ mi mọ ariwo yẹn kí wọ́n tó mọ á-bí-dí.

Mo jókòó ti ìṣírò nígbà ìsinmi ọ̀sán. Agbára tiwa, 8.5 kìlówáàtì ni wọ́n kọ sí i. Mo pín in sí 230 volt, ó fún mi ní 37 ampere, ìyẹn ìwọ̀n iná tí wáyà máa gbé. 10.5 tí ojú mi kọ́kọ́ wọ̀, ó kù díẹ̀ kó wọ 46. Bírékà tiwa, 40 ló wà lára rẹ̀. Ìyẹn ni pé tí mo bá mú 10.5, a máa pààrọ̀ bírékà, a máa fa wáyà tó nípọn ju èyí lọ, wáyà náà sì wà nínú ògiri. Ògiri yẹn ló ní táìsì lára. Ẹ̀yin náà mọ ìyà tí táìsì yẹn fi jẹ mí kó tó di táìsì, mi ò ní tún un sọ.

Kí ni mo sì máa rí gbà? Bí omi inú páìpù bá tutù dé ìwọ̀n 10 Celsius, tí mo fẹ́ kó gbóná dé 40, ṣáwà 8.5 á máa fún mi ní nǹkan bíi lítà 4 ní ìṣẹ́jú kan. 10.5 á fún mi ní 5. Lítà kan! Torí lítà kan ni mo fẹ́ la ògiri ilé mi.

Lítà kan ò kéré ṣá, tí ọṣẹ bá wà lórí èèyàn.

Ohun tó tún dà mí lórí rú ni pé àwọn tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí, àwọn kan ń ka agbára rẹ̀ ní 240 volt, àwọn kan ní 230. Èyí tí wọ́n pè ní 9.5 ní 240, tí iná bá wá ní 230, kò ju nǹkan bí 8.7 lọ. Ṣáwà kan ṣoṣo, orúkọ méjì! Tí ṣáwà pàápàá ò bá mọ iye tí òun jẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ kí n mọ̀?

Mo ti fi tépù wọn àpótí àtijọ́ náà, torí bí tuntun bá kéré jù ú lọ, ojú ihò mẹ́rin àti àmì ìdọ̀tí yíká á máa wo wa lójoojúmọ́. Páìpù wa sì ti ọwọ́ ọ̀tún wọlé láti ìsàlẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà á níbẹ̀. Ẹni tí ò mọ ohun tó ń fẹ́ kì í gbé tépù wọ balùwẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Tàbí òun gan-an ló ń gbé e.

Oníṣẹ́ iná yẹn ò burú, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Kó tó sọ nǹkan mìíràn rárá, ó lọ wo ojú bírékà bóyá èyí tó ń gé iná tí 30 mílíampere bá jò, kó má baà gbé èèyàn, wà ńbẹ̀. Ó ní, "Omi àti iná, mà, wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́." Ẹ wò ó, "wọn" tún rèé. Omi àti iná náà rí "wọn" gbà, èmi wá ń kà á sí ọ̀wọ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ ṣáwà nìkan ni mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látọjọ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn.

Aago mẹ́wàá kọjá. Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i: 8.5, èyí tó ń ṣọ́ ooru, páìpù láti ọ̀tún nísàlẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ara mi fúyẹ́.

Ó ti fèsì:

"Ẹ ṣé, mà. Àmọ́ dádì pè mí lánàá nígbà tí mo wà ní balùwẹ̀ yín, wọ́n ní ṣé ẹ ti mú ọ̀kan. Mo ní ẹ ò tíì mú. Wọ́n wá ní kí n kúkú ra 9.5. Èwo ni ká mú níbẹ̀?"

Ọkùnrin yìí rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń hanrun. Ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ mi lálẹ́ àná, ó bu omi mu.

9.5 wo ni? Ti 230 ni àbí ti 240?