Aṣọ lásán kọ́ o

Ọjọ́rú. Ẹnì kan tún sọ ọ́ sétí mi lónìí pé àwa obìnrin ń da ara wa láàmù jù lórí aṣọ, pé aṣọ lásán ni. Lásán kẹ̀? Tó bá jẹ́ lásán ni, kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣòfin lé e lórí? Lọ́dún 1800 ní Paris, wọ́n ní obìnrin tó bá fẹ́ wọ ṣòkòtò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gbàyè lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tó yá wọ́n dẹwọ́ díẹ̀, pé ó lè wọ̀ ọ́ tó bá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú tàbí ìjánu ẹṣin (tó bá wá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ńkọ́, kó bọ́ ọ sílẹ̀ ni?), 2013 ni ìjọba Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé òfin náà ò múlẹ̀ mọ́. Ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà náà ńkọ́, 1993 tí sẹ́nétọ̀ obìnrin kan, Carol Moseley Braun, wọ ṣòkòtò wọbẹ̀, ó di ọ̀rọ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì yí ìlànà aṣọ wọn padà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Madeleine Albright. Lọ́dún 1994 tó ń ṣojú Amẹ́ríkà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìwé ìròyìn Iraq pè é léjò. Màmá ò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ Iraq, bróòṣì wúrà (ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n máa ń fi há aṣọ) tí wọ́n ṣe bí ejò ló fi sáyà lọ. Ẹ léjò ni mí àbí, òun rèé! Àtìgbà yẹn ló ti sọ ọ́ dàṣà, bróòṣì òdòdó tàbí labalábá tí nǹkan bá ń lọ dáadáa, kòkòrò àti ẹranko apanijẹ tí ọ̀rọ̀ bá le.

Àǹtí kan wà níbi iṣẹ́ wa táwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu ní mítìn. Lónìí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa fòò, nígbà tó kàn wọ́n láti sọ̀rọ̀, wọn ò tíì lanu, wọ́n kọ́kọ́ ṣí bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ká apá aṣọ sókè títí dé ìgúnpá, wọ́n tún bọ́ sí tòsì, wọn ò kánjú rárá, gbogbo wa sì ń wò wọ́n. Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ tán pátápátá. Bóyá apá aṣọ ló ṣe é, bóyá ìṣirò tí wọ́n kó wá ni, mo fura pé méjèèjì ni.

Kì í sì í ṣe dandan kéèyàn pe ojú mọ́ra. Angela Merkel fi irú jákẹ́ẹ̀tì kan náà, àwọ̀ ló kàn ń yí, ṣèjọba Jámánì láti 2005 di 2021, àwọn kan ní kò mọ oge ṣe. Lọ́dún 2008 tó wá wọ gáùn tí àyà ẹ̀ ṣí lọ síbi ṣíṣí ilé opera Oslo, kí ni wọ́n ń sọ? Àyà ẹ̀ náà ni. Tèmi bá jẹ́ ẹ̀, èmi náà á padà sídìí jákẹ́ẹ̀tì mi jàre.

Ohun tó ń bí mi nínú ní tèmi ni àpò. Ẹni tó ń rán ayédèrú àpò sáṣọ obìnrin, tí wọ́n á rán ojú ẹ̀ pa tí ìka ò ní lè wọ̀ ọ́, kí la fi ṣe yín gan-an?