Fréjọ̀n ní Pópó Àgùdà àti ní Lọ́ńdọ̀nù

Tó bá di ọ̀rọ̀ fréjọ̀n, ẹ̀wà lílọ̀ tí a ń fi omi àgbọn sè fún Ẹtì Rere, àgbọn ni Èkó fi ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn. Omi ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rò mọ́ ọn. Ẹ̀wà, àgbọn, kànáfùrù, ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀: kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà ní Campos, ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, tàbí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ ti ń ṣì ní ìlú méjèèjì kò dọ́gba.

Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù kún fún ẹfun. Ẹ wo inú kẹ́tù, ẹ ó rí i tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ẹfun yìí náà ló ń mú ẹ̀wà le, tí èyí tó yẹ kó rọ̀ láàárín wákàtí kan àtààbọ̀ á fi pẹ́ lórí iná tí inú rẹ̀ á ṣì le. Ẹ kọ́kọ́ se omi náà fún ìṣẹ́jú 5, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹfun rẹlẹ̀, kí ẹ wá rọra da òkè rẹ̀ lé ẹ̀wà. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì béékìn sódà sí ìlàjì kìlò ẹ̀wà á ràn án lọ́wọ́, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi kánún díẹ̀ sí i l'Ékòó. Bó bá pọ̀ jù, itọ́wò rẹ̀ á di ti ọṣẹ. Ẹ má fi ṣúgà sí i kí ẹ̀wà tó rọ̀ tán, ìlú yòówù kí ẹ wà: ṣúgà náà máa ń dí i lọ́wọ́.

Ẹ̀wà olóyin gidi kò rọrùn láti rí ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ní 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn kòkòrò. Ẹ̀wà dúdú wẹ́wẹ́ tí àwọn ará Brazil ń jẹ ni kí ẹ rà. Ọ̀dọ̀ wọn náà kúkú ni àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wá sí Èkó láti Brazil, ti gbé oúnjẹ yìí dé. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 8 sí 12, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó dín iná kù. Ó ní oró tí iná kékeré nìkan kò lè pa. Kànáfùrù 6, nínú aṣọ kékeré tí ẹ so, á bá a hó. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó lọ ẹ̀wà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ìkòkò á korò.

Ẹ̀rọ ìlọta l'Ékòó máa ń lọ̀ ọ́ kúnná ju bílẹ́ńdà lọ, àmọ́ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata níbẹ̀, ata á bá fréjọ̀n yín délé. Ibi yòówù kí ẹ ti lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ. Fréjọ̀n tí èèpo ń há séyín kì í ṣe fréjọ̀n.

L'Ékòó, àgbọn méjì tó. Ẹ rin ín, ẹ da ife omi gbígbóná 2 lé e, ẹ fún un: àkọ́fún nìyẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ da ife 3 sí ṣàkà rẹ̀, ẹ tún un fún. Èyí lẹ ó fi se ẹ̀wà lílọ̀ náà. Ìgbẹ̀yìn ni àkọ́fún ń wọ ìkòkò, torí bó bá hó pẹ́, òróró á yà lára rẹ̀. Àgbọn tó wà lórí àtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń ti pẹ́: ẹ mì í létí, bí omi ò bá dún, ẹ fi sílẹ̀. Agolo 2 onímílílítà 400 sàn jù ú lọ. Ẹ ka ara rẹ̀. Àgbọn àti omi nìkan ni kó wà níbẹ̀, torí èyí tó ní gọ́ọ̀mù máa ń yọ̀ bí ilá. Ẹ má mì í kí ẹ tó ṣí i: èyí tó dì sókè ni àkọ́fún yín, omi ìsàlẹ̀ ni ìkejì.

Ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró, torí ìdí rẹ̀ ń tètè jó. Ẹ sọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì ń ṣàn. Á ki bó bá tutù. Ẹ̀rọ ìdáná onímànàmáná ṣì máa ń gbóná lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí rẹ̀.

Bí iná bá lọ l'Ékòó, ooru á mú un kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Níbí, á dì gbagidi nínú fíríìjì. Omi àgbọn díẹ̀ lórí iná kékeré á tú u. Ọbẹ̀ ata ẹja díndín lẹ ó fi jẹ ẹ́. Ìgbà tí ẹ bá ti bù ú tán ni kí ẹ wọ́n gaàrí Ìjẹ̀bú lé e, kó má baà rọ̀.