Ajá Jack Russell ní Èkó: Iṣẹ́ Ọdẹ Ló Wà Lára Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra ajá Jack Russell sí àgbàlá ilé ní Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ìran rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ àlùfáà kan ni ajá náà ń jẹ́: John Russell, tí wọ́n ń pè ní Jack, tí wọ́n bí ní Dartmouth, ní ẹkùn Devon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1795. Nígbà tó wà ní Yunifásítì Oxford, ní 1819, ó rí abo ajá funfun kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta wàrà, ajá tí àmì pupa rúsúrúsú wà lójú, létí àti nídìí ìrù rẹ̀. Trump ni orúkọ rẹ̀. Russell rà á, òun ló sì di ìyá ńlá ìran yìí.

Bí àwọn ajá ọdẹ ńlá bá ti lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wọ ihò, ajá kékeré yìí ni yóò tọ̀ ọ́ lọ sínú òkùnkùn, tí yóò máa gbó mọ́ ọn títí yóò fi jáde. Nítorí náà, kì í ṣe oríkunkun ni ó ń ṣe bí ó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ọgbà. Tanímọ̀la, èyí tí mò ń sìn ní Sùúrùlérè, a máa gbé etí kan sókè létí gọ́tà, a dúró bí òkúta, lẹ́yìn náà iyanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í fò láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn. Ìkà gbáà ni kí ènìyàn so irú ajá bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹ mú un rìn ní ìdájí, kí ọ̀dà títì tó gbóná, nítorí ajá kì í fi bẹ́ẹ̀ làágùn. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oògùn eku. Ajá tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè kó o sára, àwọn kan lára májèlé wọ̀nyí kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí náà àmì rẹ̀ lè má yọ fún ọjọ́ mélòó kan: èrìgì á funfun, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde nímú tàbí nínú ìgbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu, nítorí kò lè pa májèlé náà, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran kíákíá, nítorí fítámìn K wà tó ń ṣẹ́ irú májèlé bẹ́ẹ̀. Mo máa ń bẹ àwọn aládùúgbò mi pé kí wọ́n sọ fún mi kí wọ́n tó dẹ oògùn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò ṣeé fi falẹ̀ rárá. Ní ti eégbọn, inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ó máa ń sá sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa fi ọwọ́ wá lálaalẹ́, pàápàá ní àsìkò òjò.