Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Mólété dé Òkè Ààrẹ, ẹ wá gbọ́ bó ṣe lọ

Bí mo bá sọ fún èèyàn pé mo rìnrìn àjò ní Sátidé, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé Èkó ni àbí Abẹ́òkúta, màá ní rárá o, Òkè Ààrẹ ni mo lọ, Òkè Ààrẹ tó wà n'Ìbàdàn níbí, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Mólété ni mo sì ti gbéra. Wọ́n á ní ṣé ìyẹn náà ni ìrìnàjò? Òun ni o. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń gbé ìlú yìí, mi ò gun Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tó wà lórí Òkè Ààrẹ, rí láyé mi àfi ọdún tó kọjá, inú àwòrán nìkan ni mo ti ń rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni mí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé orí ìjókòó ni gbogbo ẹ̀ wà, pàápàá tí Iléyá tàbí Kérésì bá ti ń bọ̀ tí aṣọ ẹbí ti kún ilẹ̀, mo lè jókòó sídìí màṣíìnì láti aago 7 àárọ̀ dé aago 10 alẹ́, ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, òun náà ò sì kúrò lórí pẹ́dà. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan tó wá gba bùbá ẹ̀ ní kí n jẹ́ kí òun yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò, ó yọ ẹ̀rọ ẹ̀ nínú báàgì, ó rí 148 lórí 94, ó dúró díẹ̀ ó tún un yẹ̀ wò, bákan náà ni. Mo lọ rí dókítà. Dókítà ní òun ò tíì ní kọ oògùn fún mi, kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa rìn dáadáa, kí n máa fi eré díẹ̀díẹ̀ kún un, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù 3. Mo délé, mo mú téèpù tí mo fi ń wọn àwọn oníbàárà, mo fi wọn wéìsì ara mi. Íǹṣì 39. Mo jókòó fúngbà díẹ̀ tí mo di téèpù yẹn mú.

Mo kọ́kọ́ sanwó jíìmù kan ládùúgbò, owó oṣù 3 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo lọ. Ìgbà tí mo bá máa ti ṣọ́ọ̀bù làwọn náà ń ti ilẹ̀kùn wọn, tí wọ́n bá sì mú iná lọ gbogbo ẹ̀rọ á kú, ooru á bo èèyàn. Owó yẹn lọ bẹ́ẹ̀, ó dùn mí gan-an.

Àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ tíṣà eré ìdárayá ní sẹ́kọ́ńdírì ló là mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ń wá jíìmù, ìlú olókè méje sì lẹ̀ ń gbé! Ẹ máa sáré gun òkè, kí ẹ máa rìn sọ̀kalẹ̀." Ó ní interval lorúkọ ẹ̀, kéèyàn fi gbogbo agbára ṣe é fún ìgbà díẹ̀, kó sinmi, kó tún ṣe é, kó tún sinmi. Ó sọ ìtàn Emil Zátopek fún mi, ará Czechoslovakia, ó ní ọkùnrin yẹn máa ń sá mítà 400 lọ ní àsátúnsá lójúmọ́, á kàn rọra sáré wẹ́rẹ́ láàárín kí èémí ẹ̀ lè balẹ̀, nígbà tó sì di Olympics Helsinki lọ́dún 1952 ó gba góòlù 3, mítà 5,000, mítà 10,000 àti máráthọ̀nì, bẹ́ẹ̀ máráthọ̀nì àkọ́kọ́ tó máa sá láyé ẹ̀ nìyẹn.

Ó yé mi kíákíá torí bí iṣẹ́ tiwa náà ṣe rí nìyẹn. O máa tẹ pẹ́dà, abẹ́rẹ́ á sáré já ìlà kan, o máa dúró, o máa yí aṣọ, o máa tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọṣẹ́ tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ láì dúró, òwú á já tàbí kí abẹ́rẹ́ kán. Ohun tí àbúrò mi sì tẹnu mọ́ jù nìyẹn, pé ìsinmi àárín yẹn, ara iṣẹ́ ni. Òun ló máa jẹ́ kéèyàn lè tún fi agbára sáré lẹ́ẹ̀kan sí i, tí ọkàn á fi ṣe iṣẹ́ líle tó pọ̀ lápapọ̀, ohun tí ẹni tó kàn já eré lẹ́ẹ̀kan tí èémí ẹ̀ sì tán kò lè rí ṣe. Àwọn kan ń fi fídíò Tabata ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, iṣẹ́ sẹ́kọ́ńdì 20, ìsinmi sẹ́kọ́ńdì 10, ìgbà 8, ìṣẹ́jú 4 ó parí. Izumi Tabata ará Japan ló gbé èsì ìwádìí yẹn jáde lọ́dún 1996, nǹkan gidi ni, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti ń ṣe eré ìdárayá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò. Kì í ṣe ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí màṣíìnì ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń pín fídíò yẹn kiri mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa rí ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún eré ìdárayá tí kò le jù, tàbí 75 sí 150 tó bá jẹ́ èyí tó le. Mo sọ lọ́kàn mi pé mo lè wá ìṣẹ́jú 75.

Ó yá, ká máa bọ́ sọ́nà. Sátidé tí mò ń sọ yìí, aago 6 ku díẹ̀ ni mo jáde, mo wọ kánfáàsì àti ṣòkòtò, mo fi síkáàfù di orí, mo ki fóònù àti náírà 1,000 sápò, mo mú omi ike kan dání. Ní Mólété àwọn onímáíkírà ti ń pè, "Ọjà'ba, Bẹẹrẹ! Bẹẹrẹ ku ẹyọ kan!" Ọ̀kan fọn fèrè sí mi lẹ́ẹ̀mejì, mo juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Láti Mólété dé Bódè rírìn ni mo rìn, kí iṣan lè yá gágá, mi ò kì í sáré láìjẹ́ pé mo ti rìn tó ìṣẹ́jú 10. Ní Bódè àwọn eléwé ọmọ ti ń tú ẹrù wọn sílẹ̀, ewé, egbò, èèpo igi tó ṣì tutù, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ojú ọ̀nà, kò sígbà tí mo wà nínú mọ́tò kọjá níbẹ̀ tí mo gbóòórùn yẹn rí, èéfín mọ́tò ló máa ń bò ó.

Apá Kúdẹtì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì St. David wà, tó so mọ́ míṣọ́nárì David Hinderer àti Anna ìyàwó ẹ̀ tí wọ́n dé Ìbàdàn lọ́dún 1853, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dagun dáadáa. Mo ṣètò fóònù mi, sẹ́kọ́ńdì 30 eré, sẹ́kọ́ńdì 90 rírìn. Ìgbà àkọ́kọ́ rọrùn, èèyàn á rò pé òun lè sá a délé. Ìgbà kejì itan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nígbà tó di ìgbà kẹta èémí mi ti ń dún fíìn-fíìn nímú, mo ń gbọ́ ọkàn mi létí, fóònù dún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà sísàlẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

Ìyá alákàrà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, àgbà ni wọ́n, wọ́n ti tó ìyá tó bí mi lọ́mọ. Wọ́n gbé ojú sókè nídìí agbada, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló ń lé ọ?"

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí nǹkan o, mà, dókítà ló ní kí n máa sáré, mò ń sá a gun òkè ni, mò ń rìn ín sọ̀kalẹ̀."

Wọ́n yí àkàrà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àwa la mọ ìyẹn o. Odò la ti máa ń pọnmi gun òkè nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìkòkò kún lórí tá a bá ń gòkè, ó ṣófo tá a bá ń sọ̀kalẹ̀. Ìgbà mẹ́rin, mẹ́fà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán."

Mo dúró, fóònù ń dún lọ́wọ́ mi mi ò dá a lóhùn. Ẹrù wúwo ní gígòkè, ara fúyẹ́ ní sísọ̀kalẹ̀, ìgbà mẹ́fà. Ohun tí àbúrò mi lọ kọ́ nílé ìwé gíga, tí wọ́n ń fi aago sí etí ẹ̀, làwọn ìyá wa ti fi ìkòkò ṣe. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ náà ńṣe ló pàtẹ́wọ́ lórí fóònù. Mo ra àkàrà 200 náírà, mo ní kí wọ́n bá mi gbé e sílẹ̀ tí mo bá ń bọ̀.

Láti Ọjà'ba gun Màpó ni òkè tó le jù lọ́nà yẹn. Gbọ̀ngàn Màpó jókòó sórí ẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá ẹ̀ yẹn, ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i, òun lò ń wò bí o bá ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni pé kò sún mọ́ ẹ. Ìgbà 6 ni mo sá a níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ẹ má sáré sọ̀kalẹ̀ o. Nínú oṣù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mo máa ń sáré sọ̀ torí ó rọrùn, orúnkún ọ̀tún dùn mí fún ọ̀sẹ̀ 2, mi ò lè tẹ pẹ́dà, aṣọ oníyàwó kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má yá. Gbogbo ìwúwo ara lorúnkún ń gbà mọ́ra tí èèyàn bá ń já wálẹ̀. Ẹ rìn, ẹ jẹ́ kí èémí padà débi tí ẹ lè sọ gbólóhùn kan parí láì dá a sí méjì, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tún sáré. Ẹni tí àyà bá ń dùn tàbí tí òòyì bá ń kọ́, kó dúró lójú ẹsẹ̀ kó lọ rí dókítà, ẹni tó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Láti Màpó mo gba Bẹẹrẹ, mo rìn dé Òkè Ààrẹ láì sáré mọ́. Láyípo làwọn ará ìlú ń pe ilé ìṣọ́ yẹn torí àtẹ̀gùn ẹ̀ ń yí po nínú ni, inú ìwé ni Bower's Tower wà. Wọ́n kọ́ ọ lọ́dún 1936, gíga ẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 60, wọ́n fi orúkọ Captain Bower sọ ọ́, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ n'Ìbàdàn. Ọkùnrin yìí kan náà ló yin ìbọn àgbá lu Ọ̀yọ́ lọ́dún 1895, ìdí nìyẹn tí Láyípo fi dùn lẹ́nu tèmi jù. Àtẹ̀gùn 47 ni. Mo gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, inú ẹ̀ há, ó ṣókùnkùn díẹ̀, ògiri tutù lọ́wọ́, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ ló ń dún padà sí ẹ, bó o bá ṣe ń yí lọ ni afẹ́fẹ́ ń pọ̀ sí i.

Nígbà tí mo yọrí sókè ẹ̀ẹ̀kẹta, oòrùn ti là. Páànù ni gbogbo ibi tí ojú mi dé, páànù tó ti dípẹtà, ó pupa, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ilé lórí ilé ní òkè àti ìsàlẹ̀, Màpó rèé lọ́hùn-ún tí mo ti ń bọ̀, Ilé Kòkó rèé ní Dùgbẹ̀, àjà 26, tí wọ́n parí lọ́dún 1965, ó dúró gbọnrangandan láàárín àwọn yòókù. Mo wá Mólété títí. Mo fi ìka 2 lé ọrùn ọwọ́ mi, mo ń ka bí ọkàn mi ṣe ń lù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Kúdẹtì loṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó máa ń tó ìṣẹ́jú 5 kó tó rọlẹ̀. Lórí Láyípo yẹn, kò tó ìṣẹ́jú 2. Omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń gun òkè o. Ọjọ́ Àìkú mìíràn mo máa ń kó àwọn ọmọ àbúrò mi lọ sí Agodi Gardens, igi pọ̀, omi wà, ó tutù. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀, ọgbà ẹranko ni nígbà yẹn, kí odò Ògùnpa tó ya lóṣù kẹjọ ọdún 1980 tó gbé àwọn ẹranko lọ, wọ́n tún un ṣe wọ́n sì ṣí i padà lọ́dún 2014. Àwọn ọmọ yẹn ò nílò fóònù tó ń dún, tẹ́ń-tẹ́ń ni wọ́n máa ń ta. Ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀, pàtẹ́wọ́, fò, na ẹsẹ̀, ẹni tó bá jẹ ẹ á dúró kí ẹlòmíì bọ́ síbẹ̀. Mo ta á pẹ̀lú wọn fún ìṣẹ́jú 15, òógùn gba gbogbo ara mi, ọmọ ọdún 9 ló lù mí lálùbami.

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà nígbà tí oṣù 3 pé, 132 lórí 84, ó ní kí n máa bá a lọ. Téèpù sọ íǹṣì 36 àti ààbọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, kó tètè jáde, tí aago 8 bá ti kọjá Ọjà'ba ti kún, kò sí àyè láti sáré, mọ́tò á sì ti pọ̀. Ẹ mú omi dání, ẹ mú ṣéńjì dání fún ẹni tó ń ṣọ́ Láyípo, ẹ sì wọ máíkírà padà bíi tèmi bí iṣẹ́ bá ń dúró dè yín. Tẹ́ ẹ bá dé Kúdẹtì tẹ́ ẹ rí ìyá àgbà kan nídìí agbada àkàrà, ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní aránṣọ Mólété ń bọ̀ ní Sátidé, kí wọ́n fi ata sí tòun díẹ̀ sí i.