Igi tííkì bàbá wa

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ní aago méje àárọ̀ òní, mi ò tíì bọ́ bàtà tí fóònù fi dún. Àbúrò mi ni, láti Amẹ́ríkà. Aago méjì òru ló jẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò tíì fojú kan oorun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gba owó àsansílẹ̀ máàsítà yẹn. Kí ni kí n ṣe?"

Látìgbà tó ti jẹ lọ́tìrì Amẹ́ríkà tó sì ti kúrò ní Kétu ni gbogbo ẹbí ti ń pè é ní Dókítà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò tíì wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ẹni tó bá ti gba baki, ìwé-ẹ̀rí ìparí girama, tí wọ́n sì mú un sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Kútọnu tàbí Paraku, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún méje ó kéré tán, á kọ tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ìwé ìwádìí àṣekágbá, ó di dókítà. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin ní yunifásítì ni wọ́n á kọ́kọ́ lò ná, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣe MCAT, ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kí wọ́n tó máa wá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó máa gbà wọ́n fún ọdún mẹ́rin mìíràn. Àbúrò mi kọ̀wé sí oríṣiríṣi ibi lọ́dún tó kọjá. Kò sí èyí tó gbà á. Ibi tó wá gbà á báyìí, máàsítà ọlọ́dún kan ni, tí wọ́n dìídì ṣe fún irú wọn, àwọn tí máàkì wọn kò tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Oorun kò wá. Mo mú ìwé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

Máàkì rẹ̀ jẹ́ 3.1 nínú 4. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ló bà á jẹ́. Ibi ìkẹ́rù-sí ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà ìdájí, á gbé páálí títí ọwọ́ á fi bó, á sì ti ibẹ̀ lọ sí kíláàsì. Agbẹ̀bí ni mí, mo mọ ohun tí iṣẹ́ òru ń fojú ènìyàn rí. Nígbà tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, máàkì rẹ̀ gòkè gan-an. Ṣùgbọ́n kírẹ́dì 120 ló ti kó jọ ní 3.1. Bó bá tún padà lọ kọ́ kírẹ́dì 30 mìíràn ní yunifásítì, tó sì gba 4 pérépéré nínú gbogbo rẹ̀, 3.28 péré ló máa dà. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹta. Odidi ọdún kan láìṣàṣìṣe kan, kò sì ní gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí máàsítà yẹn ti ní ìtumọ̀ nìyẹn. Àjọ tó ń gba ìwé wọn jọ kì í da máàkì máàsítà pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn, àwọn ọmọ máàsítà ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún kìíní ìṣègùn, ìdánwò kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀ ti fi hàn pé òun lè ṣe é. Ẹni tí kò bá ṣe dáadáa ńkọ́? Ó ti fi ìyẹn náà hàn, kò sì sí ohun tó máa fi bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà á ṣèlérí pé ẹni tó bá dé ìwọ̀n kan, àwọn á pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àbúrò mi ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ti gbà á wọlé. Ìpè lásán ni.

Owó rẹ̀ jẹ́ 48,000 dọ́là. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́hùn-ún ní oṣù Keje ọdún 2025 ti gba Grad PLUS, owó tí ìjọba ń yá àwọn tó ń kàwé lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2026. 20,500 dọ́là ni ìjọba máa yá ọmọ máàsítà lọ́dún. Ohun tó kù lé ní mílíọ̀nù 15 sẹ́fà, a kò tíì sọ̀rọ̀ ilé àti oúnjẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan igi tííkì bàbá wa.

Ọdún tí mo gba BEPC, ìwé-ẹ̀rí girama kékeré, ni bàbá gbìn wọ́n sí ọ̀nà Ìlárá. Mo gun zémidjan, ọ̀kadà wa, lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Oníṣòwò igi ti kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti fi okùn wọn ìdí igi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí èyí tó wù ú. Gbogbo àwọn tó tóbi ló sàmì sí. Mo já ewé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, mo fi ìka rà á, ó pọ́n lọ́wọ́ mi bí osùn. Nígbà tí àbúrò mi wà ní kékeré, ó máa ń fi ewé yẹn kun àtẹ́lẹwọ́, á ní ẹ̀jẹ̀ ni, á ní kí n wá di í fún òun.

Mo sọ fún Ìyá pé mi ò rò pé ó yẹ ká tà á báyìí. Ó wò mí títí. Ó ní, "Igi ni, a lè gbin òmíràn. Ọmọ ńkọ́?" Mi ò rí èsì fún un.

Èsì tí mi ò rí fún un, mo rí i fún àbúrò mi, nítorí iṣẹ́ mi kọ́ mi láti kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń ṣe ènìyàn kí n tó mú oògùn. Oògùn gidi ni máàsítà yìí, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló ń ṣe àbúrò mi, ọ̀kan ṣoṣo ni oògùn náà ń wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti ṣe MCAT, ó gba 504 nínú 528. Àwọn tó ń wọlé sí ẹ̀kọ́ M.D., oyè dókítà tí ọ̀pọ̀ ń lé níbẹ̀, ń gba bíi 511 tàbí 512. Máàsítà kò lè sọ 504 di 511. Bó bá sì fẹ́ máa ka ìwé méjèèjì pọ̀ lọ́dún kan náà, ọdún iṣẹ́ òru yẹn ló tún padà sí, gbèsè nìkan ló yàtọ̀.

Ohun kan tún wà tó dùn mí. 504 yẹn sún mọ́ ohun tí àwọn tó ń wọ ẹ̀kọ́ D.O., oyè dókítà kejì tó wà ní Amẹ́ríkà, ń gbà. Máàkì 3.1 rẹ̀ kéré sí tiwọn lóòótọ́, àmọ́ ọdún méjì ìkẹyìn rẹ̀ á sọ̀rọ̀ fún un. Kò kọ̀wé sí ọ̀kankan nínú wọn. Mo bi í léèrè ìdí. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló ní Bàbá Kékeré ló sọ fún òun pé "ostéopathe" (ibẹ̀ ni "O" inú D.O. ti wá) kì í ṣe dókítà, pé ẹni tó ń fọwọ́ ra eegun ni. Òótọ́ ni Bàbá Kékeré sọ, bí a bá ń sọ ti àwọn Faransé. Ní Amẹ́ríkà, dókítà pátápátá ni D.O., ó lè kọ oògùn, ó lè ṣiṣẹ́ abẹ, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50. Láti ọdún 2020, ètò kan náà ló ń bójú tó ẹ̀kọ́ṣẹ́ ilé ìwòsàn tí àwọn àti àwọn M.D. ń lọ. Nítorí orúkọ kan ní èdè Faransé, ọmọ yìí ti ń bá ìtìjú sùn ní ìlú òyìnbó, nítorí wa.

Mo gba ohùn sílẹ̀ fún un lórí WhatsApp, mo sì ń gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń gbọ̀n. Mo ní: "Má san owó yẹn lọ́jọ́ Ẹtì. Tún MCAT ṣe ná, ìyẹn nìkan, kí o máa sùn lálẹ́. Kọ̀wé sí àwọn D.O. pẹ̀lú. Èmi fúnra mi ni mo máa ṣàlàyé fún Bàbá Kékeré. Bí wọn ò bá gbà ọ́, tí MCAT rẹ sì ti gòkè, máàsítà á ṣì wà lọ́dún tó ń bọ̀, mo ṣèlérí fún ọ pé a máa ta igi náà, èmi ni mo máa di okùn mú fún oníṣòwò."

Oníṣòwò náà dé nírọ̀lẹ́, ó fi owó àsansílẹ̀ igi sínú àpò ìwé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gbé e lọ ná. Inú rẹ̀ kò dùn, ó ní ọ̀dà òun ti lọ lásán. Ìyá kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni èsì àbúrò mi wọlé: "Mo ti kọ̀wé sí wọn pé n kò ní wá lọ́dún yìí. Mo sunkún díẹ̀, ara mi sì fúyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Ìyá, èmi ni mo máa pè wọ́n lọ́la."

Ìyá wà lójúde, ó ń ṣa ẹ̀wà ọ̀la lábẹ́ iná. Mo fa àpótí kan, mo jókòó tì í, mo bù lára ẹ̀wà náà, èmi náà ń ṣà á.